Àìjá, Àìdáwọ́dúró, Ìtẹ̀síwájú: Ọ̀rọ̀ fún Ohun tí ó ń Bá a Lọ

ÌTUMỌ̀ NÍ ṢÓKÍ

àìjá (ọ̀rọ̀-orúkọ). Ipò ohun gígùn tí kò ní ibi tí ó ti ya: okùn, wáyà, ìlà, ọ̀nà, ìtàn.

àìdáwọ́dúró (ọ̀rọ̀-orúkọ). Ipò iṣẹ́ tàbí ìṣe tí ẹni tí ó ń ṣe é kò fi sílẹ̀.

àìparun (ọ̀rọ̀-orúkọ). Ipò ìdílé, ìlú, èdè tàbí àṣà tí kò kú tán.

àìlópin, àìnípẹ̀kun (ọ̀rọ̀-orúkọ). Ipò ohun tí kò ní ibi tí yóò parí sí.

ìtẹ̀síwájú (ọ̀rọ̀-orúkọ). 1. Lílọ síwájú láti ibi tí a dé. 2. Ìdàgbàsókè, kí nǹkan dára ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

ìtẹ̀léra (ọ̀rọ̀-orúkọ). Ipò àwọn ohun tí ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì.

lemọ́lemọ́, léraléra (ọ̀rọ̀-àpọ́nlé). Lọ́pọ̀ ìgbà, tí ọ̀kan ń lé èkejì bọ̀.

bá a lọ, bá a nìṣó (àpólà-ìṣe). Láti má ṣe dúró nínú ohun tí a ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A KỌ́KỌ́ MỌ̀

Atúmọ̀ tí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, continuity, sábà máa ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo. Kò ní rí i. Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti wá, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó túmọ̀ sí kí a di nǹkan mú pọ̀. Yorùbá gba ọ̀nà mìíràn. Ó kọ́kọ́ máa ń wo ohun tí ó lè fòpin sí nǹkan náà, lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ pé ohun náà kò ṣẹlẹ̀. Okùn lè já, nítorí náà àìjá ni a ń wá fún okùn. Òṣìṣẹ́ lè dáwọ́ dúró, nítorí náà àìdáwọ́dúró ni ti iṣẹ́. Ìdílé lè parun, nítorí náà àìparun ni ti ìdílé.

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí atúmọ̀ bi ara rẹ̀ kí ó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀: bí nǹkan yìí kò bá bá a lọ mọ́, kí ni Yorùbá yóò sọ pé ó ṣe é? Ṣé ó já ni, àbí ó dúró, àbí ó gé, àbí ó parun, àbí ó lọ? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ó máa ń fún wa ní ọ̀rọ̀ tí ó tọ́. Àwọn abala tí ó wà nísàlẹ̀ yìí yóò fi bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ hàn nínú ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan.

ÌṢẸ̀DÁ ÀTI OHÙN

Àì- jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí a máa ń fi síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí àpólà-ìṣe láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó ní ìtumọ̀ ìyísódì. Já di àìjá. Parun di àìparun. Dá ọwọ́ dúró di àìdáwọ́dúró. Ní òpin di lópin kí ó tó di àìlópin, nítorí pé n máa ń di l níwájú fáwẹ̀lì tí kì í ṣe i. Ní ìpẹ̀kun kò yí n rẹ̀ padà, ìdí nìyí tí a fi ń kọ àìnípẹ̀kun. Bí a bá fẹ́ lò wọ́n bí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, láì- ni a óò lò: láìjá, láìdúró, láìdáwọ́dúró.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra gidigidi nípa àmì ohùn. Já, pẹ̀lú ohùn òkè, ni ti okùn. Jà, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ni ti ìjà. Àìjà ni kí ènìyàn má bá ẹnìkejì jà. Ìdílé aláìjá àti ìdílé aláìjà kì í ṣe ọ̀kan náà: ti àkọ́kọ́ kò ní àlàfo láàárín ìran kan àti èkejì, ti ìkejì ń gbé ní ìrẹ́pọ̀. Ìwé tí kò ní àmì ohùn kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn.

Já tún ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò kan ọ̀rọ̀ yìí: já ewé, já sí òótọ́, já kulẹ̀. Àìjákulẹ̀, tí a sábà máa ń gbọ́ nínú àdúrà, túmọ̀ sí kí ìrètí ẹni má di asán.

OKÙN, WÁYÀ ÀTI INÁ

Ohun tí ó gùn tí ó sì tín-ín-rín ni já bá mu jù. Okùn já, òwú já, wáyà já. Afárá náà lè já, nítorí pé ó so ìhà kan pọ̀ mọ́ ìhà kejì.

Iṣẹ́ ahunṣọ lè jẹ́ kí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àìjá àti àìdáwọ́dúró yé wa. Bí òwú bá já lórí òfì, ahunṣọ yóò so ó, yóò sì máa hun aṣọ rẹ̀ lọ. Òwú já, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró. Ní ọjọ́ mìíràn, ahunṣọ lè dìde kúrò nídìí òfì láti lọ sóko. Iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n òwú kò já. Ẹni tí ó bá lo ọ̀rọ̀ kan náà fún méjèèjì ti pàdánù ohun tí ahunṣọ mọ̀.

Oníná tí ó ń yẹ wáyà wò máa ń fi ẹnu mítà rẹ̀ kan ìhín àti ọ̀hún. Bí mítà bá dún, iná ń kọjá, wáyà kò já. Àìjá wáyà ni ó ń yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa iná ilé tí ó wà ní gbogbo ìgbà, àìjá kò bá a mu. Ohun tí a máa ń sọ nígbà tí kò bá sí ni pé iná lọ. Nítorí náà, iná tí kì í lọ ni Yorùbá tí ó dán mọ́rán fún un.

Àpẹẹrẹ: Wáyà ilé yìí kò já níbì kankan, ṣùgbọ́n a kò tíì ní iná tí kì í lọ.

ÌṢIRÒ

Nínú ìṣirò, a lè fi àìjá pe ipò ìlà tí ènìyàn lè fà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì gbé kálámù kúrò lórí ìwé. Àpèjúwe yìí wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò tó fún onímọ̀. Bolzano ní ọdún 1817 àti Cauchy ní ọdún 1821 fún un ní ìtumọ̀ tí ó ṣe pàtó. Bí a bá sọ èrò wọn ní Yorùbá, ó lọ báyìí: bí ohun tí a fi sínú ìṣirò bá yí padà díẹ̀, ohun tí ó jáde gbọ́dọ̀ yí padà díẹ̀ pẹ̀lú, a sì lè mú kí ìyípadà ti ìkejì kéré tó bí a bá ṣe fẹ́, bí a bá ti mú kí ti àkọ́kọ́ kéré tó.

Ohun tí ó ta ko èyí ni kí iye fò. Ẹ wo ìrìn àjò láti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, ọ̀nà tí ó ti rìn ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kò sì sí bí yóò ṣe kúrò ní kìlómítà 20 dé 30 láì kọjá lórí 25. Ìyẹn ni àìjá. Owó ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ iye kan títí dé ibùdókọ̀ kan, kí ó sì fò sí iye mìíràn ní èyí tí ó tẹ̀lé e, láì kan iye tí ó wà láàárín. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ìfò ni ìwé náà ń tẹnu mọ́, ó dára kí atúmọ̀ kọ pé iye kò fò.

KỌ̀ǸPÚTÀ

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà bo ohun mẹ́ta tí Yorùbá yà sọ́tọ̀.

Èkíní ni kí iṣẹ́ iléeṣẹ́ má dúró nígbà tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tàbí tí ilé bá jó. Àìdáwọ́dúró iṣẹ́ ni èyí. Ẹ̀dà àwọn àkọsílẹ̀ tí a tọ́jú sí ibòmíràn ni ó sábà máa ń gbé e ró.

Èkejì ni àṣà àwọn tí ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, pé kí olúkúlùkù máa da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí a sì máa dán gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un ní ìtumọ̀ pé kò dúró rárá. Ṣùgbọ́n ó ń dúró. A da iṣẹ́ pọ̀ ní òwúrọ̀, a tún da á pọ̀ ní ọ̀sán. Ìdàpọ̀ léraléra ni Yorùbá rẹ̀, orúkọ yìí sì sọ òótọ́ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ẹ̀kẹta ni bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ láti kúrò ní ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn. Tẹ̀síwájú tọ́ níbẹ̀, nítorí pé a ń lọ síwájú ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń lò ó bá ti dá fídíò tàbí orin dúró tí ó fẹ́ kí ó máa lọ, máa bá a lọ ni ó yẹ. Bí ó bá ti pa ẹ̀rọ náà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o dúró sí ni yóò yé e jù.

Ìyàtọ̀ pàtàkì: ṣì àti tún. Ṣì fi hàn pé nǹkan kò dúró rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Tún fi hàn pé àlàfo ti wà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́: kò dúró. Ó tún ń ṣiṣẹ́: ó ti dúró nígbà kan, ó sì ti padà.

ÌLERA

Nínú ẹ̀ka yìí ni àṣìlò ọ̀rọ̀ ti lè pa ènìyàn lára jù, nítorí náà a óò fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Mo wà lára àwọn tí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú ètò fóònù kan tí ó ń rán àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru létí oògùn wọn. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí ó ń sọ fún aláìsàn pé kí ó má fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ tẹ̀síwájú nínú lílo oògùn yín." Kí a tó gbé e jáde, mo kà á fún ìyá àgbà mi ní Ìjàrà-Ìsin, nítorí pé àwọn náà ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé kí n fi kún un ni?"

Ìyá àgbà kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Èmi ni mo ṣì í lò. Tẹ̀ síwájú túmọ̀ sí kí a gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí a wà lọ sí iwájú. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn ẹyọ kan lóòjọ́, tí a wá sọ fún un pé kí ó tẹ̀síwájú, lè rò pé ẹyọ méjì ni iwájú náà. Ohun tí dókítà fẹ́ ni kí ó dúró síbi tí ó wà, kí ó má sì dá oògùn dúró. Mo yí gbólóhùn náà padà: "Ẹ máa lo oògùn yín lọ bí ẹ ti ń lò ó. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì dá a dúró bí ara yín bá tilẹ̀ yá, àyàfi tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀." Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, kí n má fi í sílẹ̀ nìyẹn."

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń gba nǹkan bí oṣù 6, bẹ́ẹ̀ ni ara aláìsàn lè yá tipẹ́tipẹ́ ṣáájú kí oṣù náà tó pé. Bí ó bá dá oògùn dúró, kòkòrò àrùn tí ó kù lè di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Àìdáwọ́dúró ìtọ́jú ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ níhìn-ín. Kí a má ṣe lo lemọ́lemọ́ fún oògùn, nítorí pé aláìsàn lè rò pé kí òun lo ọ̀kan tẹ̀lé èkejì láì fi àkókò sí àárín wọn. Lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, ni ó ṣe kedere jù.

ÌṢÈLÚ

Ìtẹ̀síwájú ní ìtumọ̀ méjì tí ó lè bá ara wọn jà nínú ìṣèlú. Ẹni tí ó wà lórí àléfà a máa bẹ àwọn olùdìbò fún ìtẹ̀síwájú, ìyẹn ni pé kí iṣẹ́ òun má dúró. Ẹni tí ó fẹ́ gba ipò náà a máa pe ara rẹ̀ ní onítẹ̀síwájú, ìyẹn ni pé òun yóò mú ìlú kúrò níbi tí ó wà. Ọ̀rọ̀ onítẹ̀síwájú wà nínú ìtumọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú APC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2013 láti gba ìjọba lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó fẹ́ kí nǹkan wà bí ó ti wà àti ẹni tí ó fẹ́ kí ó yí padà wá ń lo ọ̀rọ̀ kan náà.

Atúmọ̀ gbọ́dọ̀ pín wọn níyà. Fún ti àkọ́kọ́, kí ó kọ pé kí ìjọba náà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ nìṣó. Fún ti ìkejì, ìdàgbàsókè tàbí ìlọsíwájú. Ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ní àkókò ìbò ọdún 2019, gbólóhùn "Ó tó gẹ́" di igbe àwọn tí ó fẹ́ kí ìṣàkóso kan dópin. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ìtẹ̀síwájú tàbí ìyípadà nínú rẹ̀. Ó kàn sọ ibi tí ohun tí ó ń bá a lọ gbọ́dọ̀ parí sí, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ yé.

Àwọn aláṣẹ tún fẹ́ràn láti sọ pé ìjọba kì í dópin pẹ̀lú ẹni tí ó ń ṣe é, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan gbèsè àti àdéhùn. A lè túmọ̀ èyí báyìí: olùṣàkóso ni ó ń yí padà, ìjọba kì í já. Tàbí: gbèsè ìjọba àná, gbèsè ìjọba òní ni.

OYÈ ÀTI ÌDÍLÉ

Nígbà tí ọba bá papò dà, Yorùbá kì í sọ pé ó kú. Ọba wàjà ni a ń wí. Èdè fúnra rẹ̀ kọ̀ láti gbà pé oyè já. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú ilé títí a ó fi yan ọba tuntun ni a ń pè ní adelé, ìyẹn ẹni tí ó de ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ni a sì ń lò lónìí fún ẹni tí ó bá di ipò gómìnà tàbí ọ̀gá mú fún ìgbà díẹ̀. Níbi tí ìdílé ọlọ́ba bá ju ẹyọ kan lọ, oyè a máa kàn wọ́n ní ìtẹ̀léra. Orúkọ bí Oyèkànmí rántí èyí.

Ti ìdílé yàtọ̀ díẹ̀. Òwe kan sọ pé: bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́ kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ náà kò ṣófo. Rírọ́pò ni ó ń mú ìdílé bá a lọ, nítorí náà àìjá nìkan kò sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ni àrólé, fún ẹni tí ó jogún ipò baba. Àrọ́mọdọ́mọ, fún ọmọ àti ọmọ ọmọ. Àtìrandíran, fún ohun tí ó ń lọ láti ìran dé ìran. Àti àìparun, fún ìdílé náà lápapọ̀.

Babátúndé, Yétúndé àti Ìyábọ̀ tún gba ọ̀nà mìíràn. Tún tí ó wà nínú méjì àkọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé àlàfo wà: baba lọ, baba sì padà dé. Àtúnwá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá pe gbogbo ìwọ̀nyí ní orúkọ kan, kí atúmọ̀ má ṣe tẹ̀ lé e.

GÍRÁMÀ

Àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá pe ibá ìṣẹ̀lẹ̀ tí ń máa ń fi hàn ní atẹ́rẹrẹ, láti ara tẹ́ rẹrẹ: ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ, bí ẹní. Adé ń ka ìwé: ìwé kíkà náà tẹ́ rẹrẹ níwájú wa, kò tíì ká kúrò nílẹ̀. Adé máa ń ka ìwé ní alẹ́: èyí jẹ́ bárakú, ó ń ṣe é léraléra, ṣùgbọ́n ó lè má ka ìwé ní ìṣẹ́jú yìí.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń sọ ipò kì í sábà gba ń, bí ipò náà tilẹ̀ ń bá a lọ. Mo mọ ọ̀nà Ìjàrà ni a ń wí. A kì í sọ pé mo ń mọ̀ ọ́n. Mímọ̀ náà kò dúró, ṣùgbọ́n kò nílò àmì kankan.

Ẹ̀KA-ÈDÈ

Àwọn onímọ̀ èdè ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀ka-èdè tí ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìlú dé ìlú, tí àwọn aládùúgbò ń gbọ́ ara wọn yé, tí àwọn tí ó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì sì lè má gbọ́ ara wọn yé dáadáa. Ìtẹ̀léra ẹ̀ka-èdè láìjá ni a dábàá fún un.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ní Ìjàrà-Ìsin, Òwu-Ìsin àti Ìsánlú-Ìsin, orúkọ Ìsin tí ó kẹ́yìn orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan ti fi ìbátan wọn hàn. Bí a bá kúrò níbẹ̀ gba Òmù-Àrán, ohùn ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Bí a bá kọjá sí ìhà Èkìtì tàbí ìhà Ọ̀fà, ó tún ń yí padà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ènìyàn lè nà ọwọ́ sí pé èdè Yorùbá já níhìn-ín.

Ààlà ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àkókò ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, apá kan ilẹ̀ Ìgbómìnà bọ́ sábẹ́ Ìlọrin ní ìhà Àríwá, Ìlá-Ọ̀ràngún sì wà ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn. Lónìí, apá kan wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, apá kejì sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ààlà gé ilẹ̀. Kò gé èdè. Ọ̀rọ̀-ìṣe gé ni ó tọ́ níbí, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. Ohun tí ó já lè já fúnra rẹ̀. Ohun tí ó gé ní ẹni tí ó gé e.

ÌTÀN

Ní Èsìẹ́, nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà kan náà, àwọn ère òkúta wà tí iye wọn lé ní 800: ọkùnrin àti obìnrin, púpọ̀ nínú wọn jókòó, àwọn mìíràn di ohun ìjà mú. Ní ọdún 1933 ni òkìkí wọn dé etí àwọn aláṣẹ àti àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1945 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìtàn ìlú sọ pé àwọn ará Èsìẹ́ bá àwọn ère náà níbẹ̀ ni, pé àwọn àlejò kan ni wọ́n tí wọ́n di òkúta. A kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn.

Bí ìwé kan bá wá bèèrè bóyá continuity wà ní Èsìẹ́, ọ̀rọ̀ kan kò lè dáhùn. Ìtàn àwọn tí ó gbẹ́ ère já, nítorí pé kò sí ẹni tí ó jogún orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn bọlá fún àwọn ère náà, wọ́n ń bọ wọ́n, ọdún ère sì ń wáyé níbẹ̀. Ìrántí já, ọ̀wọ̀ kò dúró. Atúmọ̀ tí ó bá kọ àìjá sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀ ti sọ pé àwọn ará Èsìẹ́ ni ọmọ àwọn tí ó gbẹ́ ère, ohun tí ìtàn ìlú fúnra rẹ̀ kò sọ. Ẹni tí ó bá sì kọ pé ohun gbogbo já ti gba ohun tí àwọn ará ìlú ń ṣe fún àwọn ère náà kúrò lọ́wọ́ wọn.

ÀKÓPỌ̀ FÚN ATÚMỌ̀

Bí a bá máa sọ pé ó já, ẹ lo àìjá: okùn, wáyà, ìlà, ọ̀nà, ìtàn, ẹ̀ka-èdè.

Bí a bá máa sọ pé wọ́n dá a dúró, ẹ lo àìdáwọ́dúró tàbí máa bá a lọ: iṣẹ́, ìtọ́jú, ẹ̀kọ́.

Bí a bá máa sọ pé ó fò, ẹ kọ pé kò fò: iye nínú ìṣirò.

Bí a bá máa sọ pé ó parun, ẹ lo àìparun tàbí àtìrandíran: ìdílé, àṣà, èdè.

Bí a bá máa sọ pé ó pin, ẹ lo àìlópin. Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, àìnípẹ̀kun ni ó wọ́pọ̀ jù.

Bí nǹkan bá ń dúró tí ó sì ń padà, ẹ má lo ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí. Léraléra tàbí tún ni ó yẹ.

Ẹ lo ìtẹ̀síwájú nígbà tí ìlọsíwájú bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà ní tòótọ́. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ ka gbólóhùn yín sókè fún àgbàlagbà kan tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí yóò ṣe.

Tún wo: adelé, àrólé, àtúnwá, dá, dúró, gé, ìlọsíwájú, já, ṣì, tún.